Ẹ̀wà tí Oòrùn Kò Rí

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kí n tó sọ bí ìgbà èwe wa ti dùn tó, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ẹ̀wà tí wọ́n ní Ìyá Rábì fi ṣe àwọn ọmọ kéwú léṣe, èmi ni mo bà á jẹ́.

Kékeré ni mo wà nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìwé mẹ́fà. Ìyá Rábì ni ìyàwó kejì bàbá mi. Wọ́n bá mi nílé ni, nítorí náà wọn kì í pe orúkọ mi. "Akọ̀wé" ni wọ́n ń pè mí. Bí wọ́n bá yan ẹ̀pà, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí àpò ṣòkòtò mi, wọ́n á ní, "Akọ̀wé, má jẹ́ kí ìyá ẹ rí i o, wọ́n á ní mo fẹ́ gba ọmọ mọ́ wọn lọ́wọ́."

Oko wa wà lójú ọ̀nà Ìgbòho. Ọdún yẹn ni oògùn kòkòrò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkùnrin tó kó o wá kìlọ̀ fún bàbá mi pé bí a bá ti fọ́n ọn sórí ẹ̀wà, ọjọ́ mẹ́rìnlá gbọ́dọ̀ pé kí a tó ká a. Oòrùn yóò jẹ nínú agbára rẹ̀, òjò yóò wẹ díẹ̀ lọ, ìyókù yóò máa jẹrà. Bàbá mi so òwú mọ́ ọmọ kẹrìnlá lára ògbólógbòó tẹ̀sùbáà kan, wọ́n fi í kọ́ òpó ahéré. Bí a bá ti kírun àsùbáà tán, èmi ni mo ń ti ọmọ kan kọjá. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹ̀wà kí n tó dé ìdí òwú, pàṣán ni oúnjẹ rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn wú mi lórí. Mo gbà pé tẹ̀sùbáà ló ń pa oògùn.

Nígbà tí a kórè tán, wọ́n ní kí n tọ́jú ẹ̀wà jíjẹ sínú àgbá ní yàrá. Eérú àti ata gbígbẹ la fi ń pò ó kí kòkòrò má baà lù ú. Ẹni tó bá ti jọ ata gbígbẹ rí mọ bó ṣe ń ta lójú. Ọ̀lẹ mú mi. Mo da ìyókù oògùn sí i, mo rò ó pọ̀, mo dé e. Mo mú tẹ̀sùbáà mi, mo ti ọmọ mẹ́rìnlá, ọmọ kan lójúmọ́, n kò fo ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún Ìyá Rábì pé ẹ̀wà ti wà nílẹ̀.

Wọ́n sè é fún sàráà Jímọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọmọ kéwú ti ń bì, ara wọn ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. Rábì, ọmọ wọn, náà wà lára wọn. Wọ́n kó wọn lọ sí ọsibítù ní Ṣakí. Ọlọ́hun yọ wọ́n, kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n ìlú ti dájọ́ tirẹ̀. Mo gbọ́ obìnrin kan létí kànga: "Ọmọ ẹ̀ ló fi bojú. Ṣé ọmọ ọlọ́mọ nìkan ló máa fún ni?"

Bàbá mi pè mí. "Kí lo pò mọ́ ẹ̀wà yẹn?"

"Eérú àti ata ni, Bàbá."

Ìyá Rábì dúró tì wá. Wọ́n ní, "Akọ̀wé kì í purọ́."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gba sàráà lọ́wọ́ wọn mọ́. Kí ọdún tó yípo, wọ́n di ẹrù, wọ́n mú Rábì, wọ́n padà sí Ìgbẹ́tì, ìlú wọn.

Ìgbà tí mo dàgbà ló tó yé mi pé inú àgbá tí a dé, oòrùn kò dé ibẹ̀, òjò kò dé ibẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá tí mo kà, oògùn ò mọ̀ ọ́n.

Láyé ìgbà yẹn, a bẹ̀rù oògùn, a ń kajọ́. Láyé ìsinsìnyí, àwọn ọ̀dọ́ ń fọ́n ọn lónìí, wọ́n ń ká a lọ́la. Mo fẹ́ bá wọn wí, ẹnu mi kì í gbé e.

Lọ́dún tó kọjá, mo yà kí Ìyá Rábì ní Ìgbẹ́tì, torí kí n lè sọ ọ́. "Akọ̀wé," ni wọ́n wí, inú wọn dùn. Wọ́n gbé iyán kalẹ̀. Kí n tó fọwọ́ kàn án, wọ́n bu òkèlè kan níbẹ̀, wọ́n gbé e mì lójú mi. "Mi ò lè gbé oúnjẹ fún àlejò mọ́ kí n má kọ́kọ́ tọ́ ọ wò," ni wọ́n wí.

Mo jẹ iyán náà tán. Mo dúpẹ́, mo sì padà sílé. Gbólóhùn kan tí mo jẹ wọ́n ṣì wà lọ́rùn mi.