Ibi tí Àbíkẹ́ Da Ísáàlì Sí

Ta ló sọ pé ọmọ tí kò ké nígbà tí wọ́n bí i kò lè ké mọ́ láé? Àbíkẹ́ ń gbọ́ ọ. Gbogbo ìgbà tó bá lọ fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ilé wọn l'Ágége jọ ń lò, igbe ọmọ á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ọmọ méjì ló ti kú sí i nínú. Ara ìkejì ti bó nígbà tó jáde, àwọn agbẹ̀bí ò jẹ́ kó wò ó pẹ́.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ní àbíkú ni. Àwọn ará ilé ní àrùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ ò rí i, bí egbò bá yọ lábẹ́ ẹnikẹ́ni nílé yẹn, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá wí! Oní-kẹ́míìsì á ta oògùn àpòpọ̀, egbò á jinná, kálukú á panu mọ́. Àbíkẹ́ gbà wọ́n gbọ́, ó ń da Ísáàlì apakòkòrò sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì títí ara tirẹ̀ fi ń rùn ún.

Nígbà tó tún lóyún, nọ́ọ̀sì Adérìnsọ́lá nílé ìwòsàn aboyún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, sífílíìsì ni. Orí bẹ́ẹ̀dì lẹ ti kó o, kì í ṣe tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Òun ló ń pa àwọn ọmọ yín. A máa gún yín lábẹ́rẹ́, èyí á yè. Ṣùgbọ́n bí Dádì, ọkọ yín, ò bá gba abẹ́rẹ́ tiwọn, wọ́n á tún kó o ràn yín."

Lukman ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù fún iléeṣẹ́ kan n'Íkẹjà. Ó lè pẹ́ lọ́nà Kánò bí ẹni tó ń sá fún ilé. Wọ́n máa ń sọ pé dírẹ́bà ọ̀nà jíjìn níyàwó ní gbogbo ibi tó bá ti sùn. Àbíkẹ́ ti gbọ́ ọ rí, ẹ̀rín ló fi rín.

Nígbà tí Lukman dé, Àbíkẹ́ kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Èmi kẹ̀? Kí ará àdúgbò wá rí mi níbi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ ìṣekúṣe? Lọ fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, jàre!" Ló bá jáde.

Háà, Lukman! Ojú ń tì í, ọmọ ń kú.

Àbíkẹ́ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí igbe yẹn bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe lẹ́yìn ògiri tọ́ílẹ́ẹ̀tì mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń wá, ní ẹ̀gbẹ́ tí Lukman máa ń sùn sí. Àbíkẹ́ dìde, ó gbé Ísáàlì, ó dà á síbẹ̀ tán pátá, ó wá ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ fóòmù náà.

Òórùn yẹn ló pàdé Lukman lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó padà dé.

"Àbíkẹ́! Ṣé orí ẹ pé? Kí lò ń ṣe?"

"Ẹ ní kí n lọ fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Òun náà ni mò ń fọ̀." Ó fa ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó gbé e lé ikùn. Ọlẹ̀ sọ. "Èyí ṣì ń sọ. Àwọn méjì yòókù ń ké lórí bẹ́ẹ̀dì yìí. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Lukman wo bẹ́ẹ̀dì títí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì.

"Mo rò pé èmi nìkan ni mò ń gbọ́ ọ," ó ní. "Gbé gèlè ẹ. Jẹ́ ká máa lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn."