Apá Ṣẹ́ẹ̀tì Méjìlá

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Iléṣà, ilé wa kì í dákẹ́, nítorí ẹgbẹ́ olórin méjì ló ti inú rẹ̀ jáde. Ti bàbá bàbá mi ni àkọ́kọ́: àgbẹ̀ mẹ́ta láti Ìwàrà, pẹ̀lú àgídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo. Ẹ̀wù oko ni wọ́n fi ń ṣeré, bí iyán àti ẹmu bá sì ti wà, ó parí. Nígbà tí oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kú, àwọn méjì tó kù ní àwọn ò lè fi ẹlòmíràn sí àyè ọ̀rẹ́ àwọn. Bí ẹgbẹ́ náà ṣe tú ká nìyẹn.

Bàámi gbé gìtá ní tirẹ̀. Òun àti àwọn márùn-ún ń kọ háíláìfù. Àwọn yìí gbáfẹ́: ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀, èmi ni mo sì ń fi àyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́. Lọ́dún kan, lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ gbọọrọ, àwọn àgbà ìjọ gbà kí wọ́n wá ṣeré níbi ìkórè, wọ́n sì kìlọ̀ pé àwọn ò fẹ́ rí ìmúra jákujàku níwájú pẹpẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni òórùn mọ́ínmọ́ín ìyá mi fà mí kúrò nídìí aṣọ tí mò ń lọ̀ lọ sí ilé ìdáná. Kí n tó padà, àyọ́ọ̀nù ti jó apá ṣẹ́ẹ̀tì Bọ̀ọ̀dá Sámù, afunfèrè wọn, ó lu jáde.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ ohun tó kàn: ìkúnlẹ̀, ọwọ́ sókè. Bàámi ò nà mí. Ó kàn ń wo aṣọ náà, ìyẹn sì dùn mí ju ẹgba lọ.

Bọ̀ọ̀dá Sámù ló mú sísọ́ọ̀sì ìyá mi. Ó gé apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ méjèèjì dé ìgúnpá, ó wá na sísọ́ọ̀sì sí bàbá mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ó yá, ẹ gé tiyín.”

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gé e, orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà. Àwọn àgbà ìjọ rò pé àṣà tuntun ni. Nígbà ìkórè tó tẹ̀lé e, akọrin ìjọ méjì ti rán irú rẹ̀.

Igbona ní Òṣogbo ni mò ń gbé báyìí, ọmọ mi obìnrin sì ni ẹgbẹ́ olórin kẹta. Òun nìkan ni: kọ̀ǹpútà ni gìtá rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà ni fèrè. Orin rẹ̀ dùn, n kò ní purọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kọ̀ǹpútà ọ̀hún daṣẹ́ sílẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ níwájú èrò. Ó wálé, ó jókòó tì mí. Apá ṣẹ́ẹ̀tì méjìlá yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn, mo bá bi í pé kí ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sí ọ̀rọ̀ náà.

Ó ní, “Mọ́mì, ẹgbẹ́ wo?”