Bíà oní-kòkó tí wọ́n ní kí n kàn tọ́ wò

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, mo ti mu ọtí bàbá ọkọ mi tán lónìí.

Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni mí nílé wọn ní Ìlá, inú mi sì ń dùn ṣáá.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé láti òkè òkun, ó mú ìgò bíà kan ṣoṣo wá fún Bàbá. Ó ní ṣokoléètì ni wọ́n fi pọn ọ́n. Ẹnu ya Bàbá. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbin kòkó, wọn kò mọ̀ pé ó lè di ọtí.

Wọ́n ní kí èmi ìyàwó rọ ọ́ sí ife fún wọn. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá gbé ọtí fún àgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Mo kúnlẹ̀, mo tọ́ ọ wò. Ó korò díẹ̀, ó wá ń dùn lọ́fun. Mo tún tọ́ ọ wò.

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó, ṣé o ṣì ń tọ́ ọ wò ni?"

"Mo fẹ́ rí i dájú pé kò ní ṣe Bàbá ní nǹkan ni, Mà."

Nígbà tí ife máa fi dé ọwọ́ Bàbá, ìfófòó nìkan ló kù. Ọkọ mi ń wo àjà.

Bàbá ní, "Ẹ má bá a wí. Ìyàwó tó fẹ́ràn kòkó tó báyìí kò ní sá fún oko. Láàárọ̀ ọ̀la, èmi àti ẹ̀ la jọ ń lọ fọ́ kòkó."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ló ní bàtà oko tó lè yá mi? Ẹ sì sọ òótọ́: tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ ò ní tọ́ ọ wò tán?