Ọjọ́ tí Èsì Àyẹ̀wò Adìẹ Wa Dé

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi ni ọjọ́ Ẹtì tí èsì àyẹ̀wò adìẹ wa dé.

Mọ́mì mi, olùkọ́ ní Yábàá tó máa ń na ọmọ tí kò bá fọwọ́ kó tó jẹun, ń sin adìẹ mẹ́wàá sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Sùúrùlérè. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé, ọ̀kan sì kú. Dádì gbé òkú rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò àrùn ẹranko. Dókítà ní ká dúró de èsì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, Mọ́mì wo mẹ́sàn-án tó kù. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tètè pa wọ́n kí wọ́n tó kú. Ta ló ń jẹ òkúǹbete?" A pa wọ́n. Dádì ní òun ò ní fẹnu kàn án láìrí èsì. Ni Mọ́mì bá pín méje fún àwọn aládùúgbò, ó sì fi méjì tó sanra jù ránṣẹ́ sí Fíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ní aago mẹ́rin, dókítà pè. "Mà, àrùn yìí lè ran èèyàn. Ẹ má jẹ wọ́n, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni. Mélòó ló kù?"



Mọ́mì ní, "Kò ku ọ̀kankan, Dókítà," ó sì pa fóònù.

A ò tíì mọ ohun tí a máa sọ fún àwọn èèyàn tí Fíkà fi wọlé, tó ń tayín. Ó ní ká kúnlẹ̀. "Olúwa, ohun tí ìdílé yìí fún wa jẹ lónìí, dá a padà fún wọn ní ìlọ́po méje."

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Fíkà rò pé a ò gbọ́ ni, ló bá tún un gbà, ó sọ ọ́ di ìlọ́po ogún.