Ọmọ-Towé Kò Sí Mọ́ ní Gbàgede

Aránṣọ ni Jocelyne, ní Pobè, lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn kámíọ̀, ọkọ̀ ẹrù ńlá, ń gbà lọ kó sìmẹ́ǹtì ní Onigbolo. Eruku funfun tí àwọn kámíọ̀ náà ń tú kì í jẹ́ kó gbé aṣọ kọ́ síta, inú ṣọ́ọ̀bù ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Ẹni tó bá ń kọjá á rò pé ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló mọ̀ láyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ti ran apá aṣọ kan tán, á nu ọwọ́, á mú fóònù kékeré rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti sán, á sì wọ Gbàgede Wa.

Gbàgede Wa jẹ́ ibì kan lórí ayélujára tí àwọn ọmọ Pobè àti Sakété ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àwọn tó wà nílé àti àwọn tó ti lọ sí Gabon, sí Faransé, sí ibi tí ẹsẹ̀ gbé wọn dé. Wọ́n ń béèrè bí gaàrí ṣe ń lọ lọ́jà, wọ́n ń kéde òkú, wọ́n ń jiyàn lórí ohun tí àwọn Ọ̀họ̀rí ń pe ewébẹ̀ kan àti ohun tí àwọn Ànàgó ń pè é. Kò wọ́pọ̀ kí èèyàn lo orúkọ gidi níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni Jocelyne ń jẹ́. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọmọ-Towé, nítorí ọkùnrin yìí ni Jocelyne ṣe ń wọlé.

Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ni. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ adìyẹ, Ọmọ-Towé kọ ọ́ pé ìyá òun kì í fi ẹnu pe adìyẹ wá jẹun, súfèé ló máa ń sú sí wọn, àwọn aládùúgbò á sì máa bínú pé obìnrin kì í súfèé. Ọwọ́ Jocelyne dúró lórí aṣọ. Nínú gbogbo Towé, abúlé wọn, ìyá kan ṣoṣo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá òun àti Crépin ẹ̀gbọ́n òun ni.

Ìyá náà ti kú. Nígbà tí wọ́n ń sin ín, Crépin wà ní Libreville ní Gabon, kò wá. Ó ní ọ̀gá òun kò jẹ́ kí òun lọ. Baba wọn, Zacharie, gba fóònù lọ́wọ́ Jocelyne lójú gbogbo èrò, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹni tí kò bá wá sin ìyá rẹ̀ kò ní ohun tó ń wá nínú ilé òun mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Crépin ti yí nọ́ńbà padà. Kò pe bàbá, kò pe àbúrò.

Jocelyne kò sọ fún un pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ń bà á pé bó bá gbọ́ pé ará ilé ni, á tún sá lọ. Ó kàn ń bá a sọ̀rọ̀ bí àjèjì: ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín, ṣé ara le, ṣé ẹ ń rí oúnjẹ ilé jẹ. Ọmọ-Towé á dá a lóhùn, á sì máa pè é ní Màmá Abẹ́rẹ́, bí ẹni pé àgbàlagbà kan ló ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn á béèrè bí ọ̀nà Towé ṣe rí. Jocelyne á lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi, á padà wá ròyìn: ẹni tó ti gbin àgbàdo, ẹni tó bímọ, ibi tí àgbàrá ti gé ọ̀nà. Ilé bàbá wọn nìkan ni kì í mẹ́nu bà.

Nígbà tó yá, wọ́n kéde pé wọ́n ń tún Gbàgede Wa ṣe, pé yóò lẹ́wà, yóò sì yá. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, Jocelyne tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwòrán oko ọ̀pẹ ńlá kan gba gbogbo ojú fóònù, nǹkan róbótó kan sì ń yí lábẹ́ rẹ̀. Ó yí títí. Gbogbo mẹ́gà ayélujára tó rà tán sórí àwòrán yẹn. Ó ra òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí ó ṣí, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kò mọ Abẹ́rẹ́, kí ó forúkọ sílẹ̀ ní tuntun, àwọn á fi kóòdù ránṣẹ́ sí mèèlì rẹ̀. Mèèlì wo? Ọkùnrin tó ta fóònù fún un ló ṣí i fún un nígbà náà, ọkùnrin náà sì ti kó lọ sí Cotonou. Ibi tó yẹ kó tẹ̀ láti béèrè ìrànlọ́wọ́ ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ìka kò dé ibẹ̀.

Ó tọ Prudence lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta ìrẹsì fún àwọn awakọ̀ ní Onigbolo, nítorí fóònù tirẹ̀ tóbi. Níbẹ̀ Gbàgede ṣí, ó lẹ́wà lóòótọ́. Wọ́n wá Ọmọ-Towé. Kò sí. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ adìyẹ, wọ́n wá ọ̀nà Towé. Kò sí. Prudence, tí kò mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀, ní kí ó lọ máa lo WhatsApp bíi ti gbogbo èèyàn. Jocelyne dá fóònù padà fún un. Lórí alùpùpù tó gbé e padà sí Pobè, ó ń sunkún, ó sì ń dá eruku lẹ́bi.

Ohun tó dùn ún jù ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sì pè é ní ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó fẹ́ sọ fún un kò dáwọ́ dúró. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, á mú fóònù. Bí ẹnìkan bá wá láti Towé wá gba aṣọ, á mú fóònù. Á tún gbé e sílẹ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó béèrè kiri títí ó fi mọ̀ pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Brice ló ń bójú tó Gbàgede, pé ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ọjà Sakété tó ti ń tẹ ìwé fún èèyàn. Ó bá a níbẹ̀, ọkùnrin náà rí bí ẹni tí gbogbo ayé ti bú. Brice ṣàlàyé fún un pé ẹ̀rọ tí Gbàgede àtijọ́ wà lórí rẹ̀ ń kú lọ, àwọn kàn sáré kó ẹrù kúrò níbẹ̀ ni. Àwọn ọ̀rẹ́ tó bá òun ṣe tuntun ní Faransé, orí fóònù ńlá ni wọ́n ti dán an wò. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kò sọnù, ó wà ní ìpamọ́, ṣùgbọ́n kò ní hàn títí olúkúlùkù yóò fi wọlé wá gba orúkọ rẹ̀ padà.

“Ẹni tí kò bá lè wọlé ńkọ́?” Jocelyne bi í.

“Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, tàǹtí,” Brice dáhùn. “Ẹni tí kò lè wọlé kò lè sọ fún mi pé òun kò lè wọlé.”

Ó bá a ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó dá orúkọ Abẹ́rẹ́ padà fún un, ó sì bi í ohun tó fẹ́ kọ. Jocelyne béèrè bóyá wọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ òun síbi tí ẹni tó wà níta á ti rí i. Brice ṣí àyè fún un ní iwájú ilé Gbàgede, ojú ewé tó kọ́kọ́ ń ṣí, kò fi àwòrán kankan tì í, kí fóònù tó rẹlẹ̀ jù lè ṣí i. Jocelyne fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀:

“Ẹ̀gbọ́n mi Crépin, èmi Jocelyne ni Abẹ́rẹ́. Mo ti mọ̀ yín láti ọjọ́ ọ̀rọ̀ adìyẹ. Ẹ má bínú pé mi ò sọ. Ẹ má tún lọ.”

Ó wá ń dúró. Brice yọ àwòrán oko ọ̀pẹ kúrò, ó gbé àwọn bọ́tìnnì wá sókè, àwọn èèyàn sì ń padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ráhùn bí wọ́n ṣe ń wọlé. Jocelyne ń ka gbogbo rẹ̀. Àgbàdo yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kankan láti ọ̀dọ̀ Crépin. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Anicet, bíríkìlà ní Libreville, dá a lóhùn:

“Ẹni tí ẹ ń pè jókòó tì mí. Fóònù rẹ̀ ń ṣí i, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó wọlé, kò lè kọ nǹkan kan. Ó ti ń kà á tipẹ́. Ó ní kí n má tíì fi nọ́ńbà òun sílẹ̀. Ó ní kí Màmá Abẹ́rẹ́ máa kọ ọ́, òun á máa kà á.”

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Jocelyne lọ sí Towé. Ó bá bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Jocelyne kò tíì sọ ohunkóhun nípa Gbàgede fún un rí. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Zacharie ń bẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Kò béèrè bóyá Crépin ti gbé ìyàwó, kò béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ju èyí tó bẹ tán sínú omi, ó ní:

“Bó bá ń kà á, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé yìí ń jò.”

“Baba, ṣé kí n kọ ọ́ pé ẹ ní kí ó máa bọ̀?”

“Ohun tí mo sọ ni kí o kọ.”

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún pẹ́ kí Brice tó rí i ṣe tí nọ́ńbà fóònù nìkan fi tó láti wọlé. Ìgbà yẹn ni Ọmọ-Towé yọjú fúnra rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni, gbólóhùn kan ló kọ: “Apá ibo ló ti ń jò?”

Jocelyne gbé e lọ kà fún bàbá rẹ̀. Bàbá náà dìde, ó wọ yàrá, ó gbójú sókè fún ìgbà díẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò kò rọ̀. Ó ní kí ó kọ ọ́ pé òkè ibi tí ìyá wọn máa ń sùn ni.

Crépin kò tíì wá. Ọ̀rọ̀ òrùlé ni wọ́n ń bá bọ̀ láti ìgbà náà: igi tó ti jẹrà, páànù tó ti dípẹtà, ibi tí èèyàn lè fi àkàbà tì. Káfíńtà kan ní Pobè ti ní òun lè bá wọn ṣe é kí òjò ńlá tó dé. Zacharie ní kí káfíńtà dúró ná, ilé náà lọ́mọkùnrin.