Fìlà tí Ẹ̀bùnọlá Dé fún Ìyá Rẹ̀

Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ tó le dé ọ̀dọ̀ Mùyídéènì ní Ọ̀fàtẹ̀dó, kì í yára sọ pé kò ṣeé ṣe. DVD àtijọ́ ló ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn, tó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ di fídíò tí fóònù lè gbé. Sídì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe DVD. Wọ́n ṣì í pè, ṣùgbọ́n ó ti rẹ Mùyídéènì láti máa tọ́ wọn sọ́nà.

Ìyá Ẹ̀bùnọlá ti Iwaraja gbé tirẹ̀ wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fi aṣọ funfun wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun. Ẹ̀bùnọlá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló wà nínú rẹ̀, ní ọjọ́ tó gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni jàǹbá ọkọ̀ pa á. Òbí kì í sìnkú ọmọ nílẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni kì í rí ibojì rẹ̀. Àwọn àbúrò ọkọ màmá ló lọ sin ín. Ohun tó kù tí ìyá lè fi ojú rí kò ju DVD yìí lọ.

"Ó ń já, ó ń fò," ni màmá wí. "Mo rí i tó ṣí fìlà oníhà mẹ́rin ìgbàwé-ẹ̀rí yẹn lórí, mo tún rí fìlà lórí mi. Ibi tó ti ń dé e fún mi gan-an ni mi ò rí. Ibẹ̀ ni kí o bá mi tún ṣe."

"Màmá, ẹ lọ sinmi, ẹ padà wá lọ́la."

"Ìjẹ̀ṣà ni mí. Àwa la mọ bí a ti ń jókòó ti nǹkan."

Mùyídéènì rẹ́rìn-ín. "Òṣómàáló! Èmi ò mà jẹ yín lówó o."

"Ohun tó ju owó lọ ni mo wá gbà." Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ká ìró mọ́ ẹsẹ̀.

Tààrà láti inú DVD ni Mùyídéènì kọ́kọ́ ti yí i. Fídíò náà ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìkánjú nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kọ́ là á ṣe é. Ó wá da gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ná, kí ẹ̀rọ má baà máa kà á kí ó tún máa yí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wo iye àwòrán tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí DVD, ó sì jẹ́ kí ti fídíò tuntun bá a dọ́gba, nítorí àìdọ́gba níbẹ̀ a máa sọ ìrìn ènìyàn di ìtiro. Ó wá ń lọ geere. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tò kọjá, Ẹ̀bùnọlá yọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ sí fìlà, kíá! fìlà ti wà lórí ìyá.

Ó yọ DVD náà, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Ìlà ti fín in yípo, bí ìdí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Màmá, kí lẹ fi ń nù ún?"

"Kànrìnkàn àti ọṣẹ ni," màmá dáhùn, inú rẹ̀ dùn pé ó béèrè. "Bí àyájọ́ ikú rẹ̀ bá ti pé ni mo máa ń fọ̀ ọ́. Mo ń fi eérú díẹ̀ sí i kó lè dán. Ṣé inú ìdọ̀tí ni kí ọmọ mi máa gbé ni?"

Aṣọ rírọ̀ ni a fi ń nu DVD, láti àárín sí etí. A kì í nù ún yípo, nítorí ìlà tó bá lọ yípo ń gé àwọn àwòrán tó tẹ̀ léra lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Mùyídéènì mọ èyí dájú. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti sọ ọ́.

Ó ní kí kọ̀ǹpútà fi òye ara rẹ̀ dí àlàfo tí àwòrán ti gé náà. Lóòótọ́, Ẹ̀bùnọlá gbé fìlà náà wá díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn, ìka rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ènìyàn lọ.

"Ta nìyẹn?"

"Ọmọ yín ni, Màmá."

"Èmi ni mo bí i. Kì í ṣe òun. Pa á."

Ó pa á. Màmá sún mọ́ tábìlì. "Kí ló tiẹ̀ bà á jẹ́, ọmọ mi?"

"Ó ti pẹ́ ni, Màmá. Ó ti gbó."

"Àbí ìdọ̀tí ṣì kù lára rẹ̀?" Ó mú DVD náà lórí tábìlì, ó fi itọ́ rin etí ìró rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún, yípo, yípo, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó sunkún sùn.

Mùyídéènì na ọwọ́ láti gbà á. Ó ká ọwọ́ náà padà.