Ooru Inú Láptọ́ọ̀pù Bàbá Dẹ́rẹ́bà

Bàbá Dẹ́rẹ́bà wa bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn títí orúnkún rẹ̀ fi kọṣẹ́. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń wakọ̀, ilé kì í gbé e. Nígbà tó wá jókòó sílé, kò bá ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́. Ìyàwó ti lọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ti kó lọ sí òkèèrè, kì í sì í gbé ìpè rẹ̀. Inú géèmù eré ìje ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ti ń pàdé, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀, àmọ́ á wá, wọ́n á jọ sáré.

Láptọ́ọ̀pù àlòkù tí bàbá fi ń ṣeré yìí ló wá ń dalẹ̀. Bí ìje bá ti wọra, á gbóná bí ààrò, fáànù á máa ké, á sì kú lójijì. Nígbà tó tún ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ náà kọ̀wé sí i: "Ẹ tún ti lọ, bí ìṣe yín."

Bàbá ò lè jẹun. Ó tọ Ìyá Ìbejì lọ, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nísàlẹ̀ ilé.

"Bàbá, àwọn tó ṣe é ń fún ọpọlọ rẹ̀ níná ju bó ṣe nílò lọ," obìnrin náà ní. "Èyí tó ṣẹ́ kù ló ń di ooru. Agbára iná yẹn, tí wọ́n ń pè ní fóltéèjì, lẹ máa dín kù; nọ́ńbà rẹ̀ nìyí lójú ẹ̀rọ, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá dín in jù, á dákú. Ẹ má sì fi àmì sí àpótí kékeré tó ń pàṣẹ pé kó máa lo nọ́ńbà tuntun yẹn gbàrà tẹ́ ẹ bá ti tàn án, àfi tó bá ti dá yín lójú."

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń jó, ta ló máa ní kó rọra? Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, bàbá fa nọ́ńbà náà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì fi àmì síbi tí wọ́n ní kó má fi sí. Ojú ẹ̀rọ dì gbagidi. Ó pa á, ó tàn án. Bó ṣe ń lajú ló tún ń kú. Àkókò ìje ti ń tó. Ó gbé e mọ́ra, ó ń dì mọ́ ògiri sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Ìbejì ti ti ṣọ́ọ̀bù. Bàbá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó sì pe obìnrin náà lórí fóònù.

"Ẹ ti fi àmì sí i, àbí?"

"Mo ti fi sí i, ìyá. Mo bẹ̀ ọ́. Ọmọ mi máa rò pé mo sá ni."

Obìnrin náà kọ́ ọ lórí fóònù bí á ṣe tan ẹ̀rọ náà kó má ṣí ju ohun tó nílò láti jí lọ, kí nọ́ńbà yẹn má bàa ṣiṣẹ́. Bàbá yọ àmì náà, ó dá nọ́ńbà padà, ó wá ń dín in kù ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ó ń dán an wò bó ṣe ń lọ. Ara ẹ̀rọ tutù. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi wọnú géèmù, ọmọ ti lọ. Bàbá ń dá sáré kiri títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà kò wá. Bàbá ti ń gbà pé ó parí nìyẹn. Lọ́jọ́ Àìkú kejì ló yọ, wọ́n sì sáré dópin. Ọmọ náà wá kọ̀wé pé: "Ẹ lè pè mí lọ́la. Kì í ṣe láàárọ̀ o."

Bàbá kà á léraléra. Kò dá a lójú pé ọmọ náà yóò gbé ìpè rẹ̀.